Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Ẹbí Dutse Dìde

"Ṣé ó máa jọba ní ìparí fíìmù náà ni, àbí ọmọ ọba ló máa fẹ́?" Veronica bi mí. Ó ti jẹ àkàrà kósáì ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ń fi bébà tí wọ́n fi wé e nu ìka.

"Ọmọ ọba ló máa fẹ́," ni mo dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó máa kọ́kọ́ bá jagunjagun méje jà lórí òkè. Atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀."

"Kai! Méje?" Lucy fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òun nìkan?"

"Òun nìkan. Kò sì ní í ṣubú."

Ọyẹ́ ọdún 1983 mú gan-an ní Jos. Ètè gbogbo wa ti là, a sì kó ara wa jọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, lábẹ́ igi turare tí ewé rẹ̀ ń ta sánsán, níbi tí oòrùn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Èdè Hausa ni à ń sọ, torí òun ni èdè tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbọ́ jù. Ọmọ Birom ni Veronica, ọmọ Ngas ni Lucy, èmi sì ni ọmọ Ọ̀ffà tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Ọ̀ffà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Fíìmù tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni mo ń ròyìn fún wọn. N kò tíì rí i. Kò sí ẹni tó tíì rí i ní Jos. Inú orí ara mi ni mo ti ń fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà yọ, láti inú àwọn ìwé ìtàn tí mo máa ń yá kiri, tí mo máa ń kà títí ìrẹsì á fi jóná lórí sítóòfù.

"Ìwọ lo máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa o," ni Lucy wí. "Àwa ò gbọ́ Yorùbá."

"Kí ni mo wà fún?" mo fèsì, mo sì gbé ọrùn sókè.

Dúródọlá ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n Dutse ni gbogbo Jos ń pè é. Òkúta ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Hausa. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni. Láti ọdún 1976 tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn méjì ti fi máàkì jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e ṣubú. Ọdún 1980 ni ó gba bẹ́líìtì àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá. Bí ó bá ti wọ inú okùn, àwọn èrò á máa kígbe pé, "Dutse ba ya faɗuwa!" Òkúta kì í ṣubú. Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù ni Samson, ọkùnrin Birom kan láti Jenta Adamu, tí ó máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e.

Lójijì, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹgbẹ́ òṣèré kan wá ṣeré ní Jos láti Abẹ́òkúta. Adégbìtẹ́, ọ̀gá wọn, rí i bí ó ṣe ń bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀ bí ẹni gbé àga, ó sì ní kó máa bá àwọn lọ. Oṣù mẹ́jọ ni ó lò lọ́hùn-ún. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni a gbà: "Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ óò rí i." Orí "ẹ óò rí i" yẹn ni mo kọ́ gbogbo ilé àlá mi lé.

Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa fi fíìmù náà hàn, ẹ̀gbọ́n mi wá jẹun ọ̀sán nílé wa ní Nasarawa Gwong. Bàbá wa kò sí nílé. Iṣẹ́ rélùwéè ti gbé wọn lọ sí Kafanchan. Màmá jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá," ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n. "Bí a bá parí, ọ̀gá á pè mí sórí ìtàgé. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni. Ìlú tí òṣèré bá ti wá, wọ́n á ní kí ẹbí rẹ̀ dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, kí gbogbo èrò rí wọn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí a ṣe ti Jíbọ́lá, akẹgbẹ́ mi, ní Ìlọrin, ogún èèyàn ló dìde."

Màmá wa mi orí. "Dúródọlá, o mọ̀ pé n kò wo ibi tí wọ́n ti ń lù ọ́ rí. Ìbáà jẹ́ eré, ojú mi kò lè gbà á. Abísọ́lá á wá. Òun ni kó dìde fún gbogbo ilé."

"Màá dìde, mà," ni mo wí. "Aṣọ aláwọ̀ ewé mi ni màá wọ̀, kí wọ́n lè rí mi."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó na etí mi. "Bísọ́ mi, kí o má lọ sùn sínú gbọ̀ngán o. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ìwé ni mo máa ń sùn lé, Bọ̀dá. N kì í sùn nídìí fíìmù."

Aago mẹ́rin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngán náà kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Èrò kún bẹ́ǹṣì fọ́fọ́, àwọn kan sì dúró lẹ́bàá ògiri. Èmi jókòó sáàárín Veronica àti Lucy, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní Hausa bí fíìmù ṣe ń lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yọ, gbọ̀ngán mì tìtì. "Dutse! Dutse!" Ó dúró lẹ́yìn ìjòyè búburú kan, ó ká ọwọ́ lérí àyà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bá wọn kígbe.

"Kí ló wí?" Veronica béèrè.

"Kò tíì sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo ló máa sọ̀rọ̀?"

"Fara balẹ̀ ná."

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ìjòyè inú fíìmù náà fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Odi ni ẹrú mi yìí. Ó ń gbọ́, kò lè fọhùn."

"Kí ni bàbá yẹn sọ?" ni Veronica tún béèrè.

"Ó ní... ó ní alágbára ni," mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìjòyè náà wá rán ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó lọ gba ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan. Ìyá náà kò ga ju èjìká ọmọdé lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe na ọwọ́ sí ìkòkò, ìyá yọ ọmọrogùn, ó là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀gbọ́n mi yí po lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ pòòyì, ó sì wó lulẹ̀ gbalaja bí igi tí wọ́n gé, ó já sínú kòtò ẹrẹ̀. Ó dìde. Ìyá tún là á mọ́ ọn. Ó tún ṣubú. Nígbà tí ó di ìgbà kẹta, ó fi ọwọ́ àti orúnkún rá lọ sí ìdí ọgbà, ó fẹ́ gba ihò ajá sá lọ, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ há. Ìyá wá ń fi ọmọrogùn nà án ní ìdí bí ẹni ń gbọn ẹní, òun sì ń sunkún odi, ẹkún tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Mo rò pé òrùlé máa já lé wa lórí. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn wa pé, "Dutse ya faɗi! Òkúta ti ṣubú o!" Omi ń dà lójú Lucy.

"Abísọ́lá, jagunjagun méje náà nìyẹn?" ni Lucy bi mí.

"Ọmọ ọba dà?" Veronica béèrè. "Ṣé ìyá yẹn ló máa fẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fara tì mí. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni, mo mọ̀ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, bí iná ni ó ṣe rí lára mi.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn lóòótọ́?" ni Lucy tún bi mí.

Wọn kò tíì dé ilé wa rí. Mo rí ọ̀nà àbáyọ, mo sì gbà á.

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi gan-an," ni mo wí. "Ọmọ àdúgbò wa ni. Ẹ ṣá mọ àwa Yorùbá. Gbogbo ẹni tó bá ti jù wá lọ ni à ń pè ní ẹ̀gbọ́n."

"Ashe! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́!" ni Veronica wí, ó sì kọjú sí fíìmù padà. Kò tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí fíìmù parí, wọ́n ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wọlé sórí gbogbo wa. Ọ̀gá Adégbìtẹ́ gun ìtàgé pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Màmá rán fún un.

"Ẹ̀yin ará Jos, ọmọ yín rèé!" Ọ̀gá Adégbìtẹ́ kígbe. "Ẹbí Dúródọlá dà? Ẹ dìde kí a rí yín!"

Veronica fi ìgúnpá gún mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní a kú ìjókòó."

Bí mo bá dìde, àwọn ọ̀rẹ́ mi á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Bí mo bá jókòó, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀, àfi ẹnìkan.

"Ẹbí Dúródọlá o! Àbí ojú ń tì wọ́n ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń yí ọrùn wò. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá aṣọ aláwọ̀ ewé kiri. Ó rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó gbọn orí sókè díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, ó yá, Bísọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tí ń di okùn bàtà. Kò sí okùn kankan lára bàtà tí mo wọ̀.

Ọ̀gá pè nígbà kẹta. Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì kan han lápá òsì, Samson sì dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ni ne ɗan'uwansa!" ó kígbe. "Èmi ni arákùnrin rẹ̀!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn mọ̀ pé Birom ni Samson. Àwọn díẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí ìtàgé.

Nígbà tí a padà délé, Màmá kò jẹ́ kí a jókòó. "Ṣé wọ́n pe ẹbí? Ṣé Abísọ́lá dìde?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn, kò wo ojú mi. "Ó dìde, Màmá."

"Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́?"

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an ni."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo sá jáde lọ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù omi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde wá ṣan ọwọ́, mo kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Kí lo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé mo jẹ́ sí ọ?"

"Ọmọ àdúgbò."

Ó ń da omi sí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Ṣé o rí ìṣubú yẹn? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Ọdún méje ni mo fi kọ́ bí èèyàn kò ṣe ní í ṣubú. Ara mi kọ̀, kò fẹ́ dẹ̀. Èjìká mi wú. Jíbọ́lá àti àwọn tó kù ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣubú dípò mi, mo ní rárá. Ìgbà tí mo wá ṣe é tán, gbogbo ẹgbẹ́ ló pàtẹ́wọ́. Mo ní, ìgbà tí mo bá gbé e dé Jos..." Kò parí rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní Hausa ń bẹ lábẹ́ Yorùbá mi. Ọ̀gá ní kí n máa ṣe odi ná, kí n máa kọ́ èdè." Ó fi ọwọ́ tutù kan ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì. "Dókítà ní bí ẹ̀ṣẹ́ kan bá tún ba ojú yìí, ó lè fọ́. Màmá nìkan ni mo sọ fún. Ṣé o rò pé mo kàn fi bẹ́líìtì sílẹ̀ ni? Ẹni tó ṣubú tó tún fi ìṣubú náà ṣiṣẹ́ jẹun, ojú kò yẹ kó tì í."

"Bọ̀dá, ẹ má bínú."

"Ó ti tán, Abísọ́lá," ni ó wí, ó sì wọlé lọ.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni ó ti ń pè mí ní Bísọ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ odindi orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, bẹ́ẹ̀ ni ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, n kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Ẹ̀rọ wọn dúró. Wọ́n wò mí títí, wọn kò lù mí, wọn kò pariwo.

"Èmi tí mo ń jó lánàá," ni wọ́n wí, "orí irọ́ ni mo ń jó."

"Mo ti bẹ Bọ̀dá, mà. Wọ́n ní ó ti tán."

"Níbo lo ti bẹ̀ ẹ́?"

"Nídìí dúrọ́ọ̀mù."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Àwa méjì."

"Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn lo ti sẹ́ ẹ, o wá ń bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí a bá bọ́ṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà, inú ilé kọ́ la ti ń dá aṣọ rẹ̀ padà fún un." Wọ́n tún tẹ ẹ̀rọ wọn. "Sátidé tó ń bọ̀, Bukuru ni wọ́n ti máa fi hàn. O mọ ọ̀nà Bukuru."

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ òtítọ́ fún Veronica àti Lucy. "Ọmọ ìyá mi ni Dutse. Ìyá kan, bàbá kan."

Mo ti ń retí kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Lucy kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ní tòótọ́? Wọ́n wá ń pe ẹbí rẹ̀, o sì jókòó tì wá? Haba, Abísọ́lá!"

"Bó bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n tèmi ni," ni Veronica wí, "bó jẹ́ ajá ló ṣe nínú fíìmù yẹn, orí bẹ́ǹṣì ni mo máa gùn lọ́jọ́ náà." Ó dìde, ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ọjọ́ tí àwa náà bá ṣubú, a ti mọ ohun tí o máa sọ nípa wa."

Ẹ̀rín wọn ni mo bẹ̀rù tí mo fi sẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín náà kò tilẹ̀ ní ibi nínú. Irọ́ mi ni ó lé wọn sá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, èmi nìkan ni mo ń jókòó lábẹ́ igi.

Èmi nìkan náà ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bukuru. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú. Ìyá arúgbó tún na ẹ̀gbọ́n mi, èrò tún rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo ìṣubú náà dáadáa. Mo rí bí ó ṣe fi èjìká gba ilẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà kàn án, bí ó ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúró lókè díẹ̀ kí ẹ̀rín lè pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, Ọ̀gá Adégbìtẹ́ pe àwọn òṣèré sórí ìtàgé. Ó pe ẹbí Súmbọ̀, ọmọbìnrin Bukuru tó ń kọrin fún wọn, àwọn èèyàn dìde, ariwo ta. Nígbà tí ó kan ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó pè, ó sì fẹ́ kọjá. Mo mọ̀ pé òun ló ní kí wọ́n má pe ẹbí òun mọ́.

Mo dìde. Mo rìn lọ sí iwájú ìtàgé, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá mi," ni mo wí.

"Jókòó jàre!" ẹnìkan kígbe lẹ́yìn. "Zauna mana!"

Ọ̀gá Adégbìtẹ́ wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ọn. "Dúródọlá, ta ni ọmọbìnrin yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Ó ń wò mí. Bóyá kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, n kò sì mọ̀ bóyá ó máa jẹ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe fún un ní Jos. Ibi tí ó dúró sí lọ́jọ́ náà, tí ó ń retí, ibẹ̀ gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí.

"Àbúrò mi ni," ni ó wí níkẹyìn. "Ọmọ ìyá mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ojú sókè wò ó.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọ̀dọ́, n kò sọ ìtàn yìí torí pé ó dùn ún sọ. Ẹ̀gbọ́n mi dárí jì mí, a sì ń bá ara wa ṣeré. Síbẹ̀, bí mo bá rántí bí mo ṣe ń di okùn bàtà tí kò sí, ara mi ṣì máa ń gbóná. Ẹ má ṣe torí ohun tí ọ̀rẹ́ máa wí sẹ́ ẹni yín. Ẹ̀rín àwọn èèyàn kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí a sẹ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn ẹni. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi èèyàn yín ṣẹ̀sín ni kí ẹ dìde fún un, torí bí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́ fún un, gbogbo ayé ni yóò dìde.